Akẹ́kọ̀ọ́ Atiléwá: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Ní Fásitì Ńlá Àárín Ìlú

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ti ilé lọ sí fásitì láàárọ̀, tí mo sì ń padà sílé lálẹ́. Bọ́ọ̀sì kan àti reluwé kan ni lílọ, iye kan náà ni bíbọ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí kíláàsì aago mẹ́jọ, tó dé ibẹ̀ tán tí wọ́n ní olùkọ́ ò ní wá mọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n ni mo ṣe ń bá ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sọ̀rọ̀, ìwọ tí o kò ní yàrá nínú ọgbà, tí o ń gbé lọ́dọ̀ òbí tàbí lọ́dọ̀ ẹbí, tí fásitì rẹ sì tóbi débi pé o lè lo oṣù kan níbẹ̀ láìrí ojú ẹni kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà jíjìn nìkan kọ́ ló ń ba ẹ̀kọ́ wa jẹ́. Mo ti rí àwọn tí ilé wọn jìn ju tèmi lọ tí wọ́n ṣe dáadáa, mo sì ti rí àwọn tí ilé wọn ò jìnnà rárá tí wọn ò parí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa fi ọkọ̀ jẹ olórí ara wa. Ọkọ̀ ló ń yan kọ́ọ̀sì fún wa, ọkọ̀ ló ń sọ ìgbà tí a ó dìde kúrò ní kíláàsì, ọkọ̀ náà ló sì ń pinnu bóyá a ó ní ọ̀rẹ́ tàbí a ò ní ní. Ibẹ̀ ni gbogbo àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ti ń wá.

Má fi ọjọ́ tí ọ̀nà dára ṣírò àkókò rẹ

Bi akẹ́kọ̀ọ́ atiléwá léèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ni fásitì sí ilé rẹ̀, yóò ní, “Ogójì ìṣẹ́jú ni.” Kò parọ́, àmọ́ ọjọ́ kan báyìí ló ń rántí: ọjọ́ tí ọkọ̀ tètè dé, tí òjò ò rọ̀, tí ọ̀nà dá gedegbe. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ nínú sáà kan.

Ní ọdún kejì mi, mo ní ìdánwò ní aago mẹ́sàn-án. Aago méje àbọ̀ ni mo kúrò nílé, nítorí pé wákàtí kan péré ni mo fi ń débẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Reluwé dúró sáàárín ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo wọ ẹnu géètì fásitì. Láti ẹnu géètì dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn ni, pẹ̀lú eré sísá. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi jáde. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo tó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe.

Wo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọn. Fásitì ńlá kì í ṣe ilé kan. Ní UNAM, fásitì ńlá kan ní Mexico City, ọgbà náà fẹ̀ débi pé fásitì ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tirẹ̀ tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri inú rẹ̀. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó reluwé tí wọ́n ń pè ní Universidad ṣì ní ìrìn níwájú. Àkókò tó yẹ kí o máa kà ni láti ẹnu ọ̀nà ilé yín títí dé orí àga tí o máa jókòó sí. Kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni iye rẹ. Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ ọkọ̀ tó ṣáájú èyí tó yẹ kí o wọ̀, kódà bí o bá máa jókòó fún wákàtí kan lásán. Kí o sì ti mọ ọ̀nà kejì dé fásitì kí o tó nílò rẹ̀: lọ gba ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò sí nǹkan kánjúkánjú, kí o mọ ibi tí wọ́n ti ń yà àti ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀.

Má kó gbogbo kíláàsì rẹ jọ sí ọjọ́ méjì

Àṣìṣe yìí dà bí ọgbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é: a ó wo àtẹ kíláàsì, a ó wá kọ́ọ̀sì tó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́bọ̀ nìkan, kí a lè máa wá lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Owó ọkọ̀ dínkù, ara sinmi. Ta ni kò ní fẹ́?

Ìṣirò náà tilẹ̀ ń tì ọ́ síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ pé kírẹ́díìtì kan, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní yúnìtì, dúró fún wákàtí kan nínú kíláàsì àti ó kéré tán wákàtí méjì iṣẹ́ níta kíláàsì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Ẹni tó bá mú kírẹ́díìtì 15 ti gba iṣẹ́ wákàtí 45 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń lo ìlànà kírẹ́díìtì tí wọ́n ń pè ní ECTS, kírẹ́díìtì 60 ni ọdún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ wákàtí 25 sí 30. Wá ro ìrìn mọ́ ọn: wákàtí kan àbọ̀ ní lílọ, wákàtí kan àbọ̀ ní bíbọ̀, ọjọ́ márùn-ún. Wákàtí 15 nìyẹn, ìyẹn ni pé 45 ti di 60. Ẹni tó bá ní kí a dín ìrìn kù, kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ṣùgbọ́n wo bí ọjọ́ méjì yẹn ṣe máa ń rí. Kíláàsì mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ẹ̀yìn ara wọn. Ní ẹ̀kẹta, etí ṣì ń gbọ́ ṣùgbọ́n ọkàn ti lọ. Kò sí àyè láti jẹun, kò sí àyè láti bi olùkọ́ ní nǹkan kan, nítorí ibi tí ẹ tún ń lọ jìnnà. Bí àìsàn bá sì mú ọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìdajì ọ̀sẹ̀ ló lọ yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ mẹ́rin máa tẹ̀lé ara wọn, tí o kò ní fọwọ́ kan ìwé kankan títí di alẹ́ ọjọ́ Ajé. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ kan ní Jámánì, ti tẹ ìwádìí jáde láti ọdún 1885 tó fi hàn pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a há sórí ti máa ń lọ bí a kò bá padà sí i, àti pé ohun tí a pín kíkọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń pẹ́ lórí ju èyí tí a há sórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àtẹ ọlọ́jọ́ méjì ń ṣe ni pé ó ń fún ìgbàgbé láyè tó gùn jù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo rò pé ó dára jù fún ọ̀pọ̀ wa, mẹ́rin bí ilé kò bá jìnnà. Jẹ́ kí àlàfo wákàtí kan tàbí méjì wà láàárín kíláàsì, kí o sì fi àlàfo yẹn sí ilé ìkàwé. Ohun tí o kọ sílẹ̀ láàárọ̀ ni kí o kà níbẹ̀, nígbà tó ṣì tutù lórí. Ìṣẹ́jú ogójì ní ilé ìkàwé kí o tó kúrò nínú ọgbà sàn ju wákàtí méjì tí o ṣèlérí pé o máa kà nígbà tí o bá délé lọ, nítorí o kò ní kà á.

Má sá lọ bí kíláàsì bá ti parí

Ìwọ náà ti rí wọn, bóyá o wà lára wọn. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí olùkọ́ parí, àwọn kan ti ń di báàgì. Ó ń sọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, wọ́n ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kan ló ń lọ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tó tẹ̀lé e di aago márùn-ún kù díẹ̀. Èmi náà sáré bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni olùkọ́ máa ń sọ ohun tí kò sí nínú ìwé: orí tí ìdánwò máa ti wá, ọjọ́ tí iṣẹ́ àṣetiléwá yí padà, orúkọ ẹni tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ràn án lọ́wọ́ nínú ìwádìí. Lẹ́yìn kíláàsì náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró papọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ẹnìkan á ní, “Èmi ò gbọ́ ibi kejì yẹn o,” tí ẹlòmíràn á ṣàlàyé fún un. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á rò pé òun nìkan ni kò gbọ́.

Àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Vincent Tinto ṣàlàyé ní 1975 pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe so mọ́ ẹ̀kọ́ àti àwọn ènìyàn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bóyá yóò dúró tàbí yóò lọ. Alexander Astin náà rí i nínú ìwádìí rẹ̀ pé gbígbé nínú ọgbà ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti parí. Ṣé àwa tí kò gbé nínú ọgbà kò ní lè parí nìyẹn? Rárá. Ní 1997, Tinto fúnra rẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀ náà, ó ní fún àwọn tó ń ti ilé wá, inú kíláàsì ni ibi tí wọ́n ti lè bá ojúgbà àti olùkọ́ pàdé, bóyá ibẹ̀ nìkan. Èyí mú mi lọ́kàn gan-an, nítorí bó ṣe rí fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà lè pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìfọṣọ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìwọ kò ní irú ààyè yẹn. Bí o bá tún sá kúrò ní kíláàsì, ibo ni o ti fẹ́ pàdé ẹnikẹ́ni?

Nítorí náà, jẹ́ kí ọkọ̀ kan lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré, mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó lọ. Jókòó sí ibì kan náà ní kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹni tó ń jókòó tì ọ́ lè mọ ojú rẹ, kí o sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Wá wákàtí tí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí o sì lọ kí ìṣòro tó dé. Bí wákàtí yẹn bá ta ko àkókò tí o máa ń wà nínú ọgbà, kọ íméèlì ṣókí sí i pé ilé ni o ti ń wá, kí o béèrè bóyá ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù tàbí kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á gbà. Abèèrè kì í ṣìnà.

Má rò pé àwọn ará ilé mọ ohun tí o ń ṣe

Wọn ò mọ̀. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi gbà ọ́ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rí ọ nínú yàrá ní ọjọ́ tí kò sí kíláàsì, ọwọ́ rẹ dilẹ̀ lójú rẹ̀ nìyẹn. Á ní kí o lọ mú àbúrò rẹ wá láti ilé-ẹ̀kọ́. Á ní kí o dúró de ẹni tó ń bọ̀ wá tún ẹ̀rọ ṣe. Àlejò á dé, wọ́n á ní kí o wá kí wọn, o ò sì ní tètè rí ọ̀nà padà sídìí ìwé. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àpapọ̀ wọn ló ń jẹ ọjọ́ tán.

Àṣìṣe wa ni pé a máa ń dákẹ́ títí inú á fi bí wa, tí a ó wá fi ìbínú sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Nígbà yẹn, àfojúdi ni wọ́n máa rí nínú ọ̀rọ̀ náà. Sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nígbà tí ara gbogbo yín balẹ̀. Ìyá mi kò lọ sí fásitì. Ní ọdún kẹta, mo jókòó tì wọ́n, mo fi àtẹ kíláàsì mi hàn wọ́n, mo ṣàlàyé pé ìwé tí mo máa ń kà nílé náà wà lára ilé-ẹ̀kọ́, wákàtí méjì fún wákàtí kan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé gbogbo èyí lo ń ṣe?” Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń sọ fún àwọn àbúrò mi pé kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu ní ọjọ́rú láti aago mẹ́rin sí méje. Ọdún méjì ni mo fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra lórí asán.

Má ṣe ṣèlérí ohun tí o kò lè ṣe fún wọn náà. Yan iṣẹ́ ilé tí o máa ń ṣe láìyẹ̀, kí o sì ṣe é. Ẹni tó bá ń ṣe tirẹ̀ nílé ló ń rí etí tó máa gbọ́ ọ nígbà tó bá ní òun nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Má ka inú ọkọ̀ sí yàrá ìkàwé, má sì ka ìrìn náà sí òfò

Àwọn kan á ní inú ọkọ̀ ni àwọn máa kọ àròkọ. Lórí ìdúró, láàárín èrò, pẹ̀lú ọwọ́ kan lórí irin? Iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn mìíràn á sì fi fóònù pa gbogbo wákàtí mẹ́ta náà lójoojúmọ́. Ohun tó bá ọkọ̀ mu ni iṣẹ́ kéékèèké: káàdì ìbéèrè àti ìdáhùn, gbígbọ́ ohùn kíláàsì tí o gbà sílẹ̀ (gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ kí o tó gbà á), kíka ojú ìwé mẹ́ta tí o ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Fi wọ́n sínú fóònù kí o tó kúrò nílé, torí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń já lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá sì jẹ́ oorun ló ń kùn ọ́, sùn. Di báàgì rẹ mú, ṣètò aago fóònù sí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ibi tí o máa bọ́, kí o sùn. Oorun yẹn ò ṣòfò.

Má san owó ọkọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láìbéèrè

Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sáà, nígbà tí káàdì akẹ́kọ̀ọ́ wà, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù. Ní ọ̀pọ̀ fásitì Jámánì, owó ìwọkọ̀ ti wà nínú owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Semesterticket ni wọ́n ń pè é. Ní City University of New York, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní 2007 tó ń jẹ́ ASAP, ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì wọn. Káàdì ọkọ̀ ọ̀fẹ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ lórí ìwé àti olùdámọ̀ràn tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa rí déédéé. Àjọ MDRC, tó ń ṣe ìwádìí, ṣẹ́ kèké láti pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn sí méjì, wọ́n fi ìdá kan sínú ètò náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú ètò náà ló ti gboyè. Nínú àwọn tí kò sí níbẹ̀, 22 ni. Káàdì nìkan kọ́ ló ṣe é, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o rí i pé owó ọkọ̀ wà lára ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kà sí pàtàkì. Lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, béèrè ní gbangba: ṣé ìrànwọ́ wà fún ìwọkọ̀? Ṣé àpótí alágádágodo wà tí mo lè kó ìwé sí, kí n má máa gbé gbogbo rẹ̀ káàkiri ìlú?

Lórí iṣẹ́ owó oṣù, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Bí o bá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, wá a nínú ọgbà tàbí lójú ọ̀nà ilé. Iṣẹ́ tó wà ní ìhà kẹta ìlú máa sọ ìrìn méjì di mẹ́ta, ẹ̀kọ́ ló sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Bí kíláàsì alẹ́ bá sì wà, mọ àkókò tí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn ń lọ kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún un, kí o sì wá ẹni tí ẹ jọ máa rìn dé ibùdókọ̀.

Má pòórá

Èyí ni mo fi sẹ́yìn nítorí òun ló ń dùn mí jù láti rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á pa kíláàsì kan jẹ nítorí ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ojú á tì í láti wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ ti kọjá ọjọ́. Ní fásitì ńlá, kò sẹ́ni tó máa pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ló wà nínú gbọ̀ngàn, àga kan tó ṣófo kì í hàn. Kò sí ẹni tó wà ní yàrá kejì tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe lọ láìdágbére, tí orúkọ rẹ̀ á ṣì wà lórí ìwé, tí òdo á máa rọ́ sórí rẹ̀ títí sáà á fi parí.

Ọ̀pọ̀ fásitì ní ọjọ́ kan pàtó nínú sáà tí ènìyàn lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé wọ́n kọ ìkùnà sí ìwé èsì rẹ̀. Ọjọ́ kan tún wà, tó máa ń ṣáájú ìyẹn, tí a lè yọ orúkọ kúrò kí owó sì padà sọ́wọ́ ẹni. Wá ọjọ́ méjèèjì yìí nínú kàlẹ́ńdà fásitì rẹ lónìí, kí o kọ wọ́n sí ibi tí o ti máa ń rí wọn. Bí ọ̀ràn bá ti dójú ẹ̀, kọ̀wé sí olùkọ́ àti olùdámọ̀ràn kí ọjọ́ náà tó dé. Ìlà mẹ́ta tó: orúkọ rẹ àti kọ́ọ̀sì náà, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ìbéèrè kan, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣì lè ṣe báyìí?” Mo kọ irú rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò tí mo pàdánù yẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Olùkọ́ náà dá mi lóhùn ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà pé ká ní mo ti kọ ọ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ni, àyè ìdánwò àtúnṣe wà fún ẹni tí ọkọ̀ dá dúró.